Ooru Àjẹkù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Bàbá Adédìran jẹ́, kó má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè. Kó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Festac, kó wo ara àwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lẹ téèpù funfun mọ́, tó fi báírò pupa kọ iye iná tí í jẹ sí i. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì: wáàtì ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún, nígbà tó bá ń jí lójú oorun. Ẹ̀rọ láminéètì, èyí tí í fi ọ̀rá gbígbóná bo ìwé kí omi má bàa bà á jẹ́: ọ̀ọ́dúnrún. Fáànù: àádọ́ta. Lára kẹ́tùlù tí ìyàwó rẹ̀ fi ń se omi tíì, kò kọ iye kankan. "Ọ̀DÁRÀN" ló kọ síbẹ̀.

Bàbá Wáàtì ni àwọn aládùúgbò ń pè é lẹ́yìn. Ó gbọ́, kò bínú. Ó gbà pé oyè ni. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nídìí fáìlì, tí bébà kan ṣoṣo kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sọ yàrá kan nínú bọ́ìsì kọ́tà rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù, ó ra àwọn ẹ̀rọ tòkunbọ̀ síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ mítà bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ká sọ tòótọ́, ẹni tí kò bá ṣọ́ mítà láyé ìsinsìnyí, mítà á fi í ṣẹ̀sín. Èèyàn á ríchájì láàárọ̀, kó tó dìrọ̀lẹ́ mítà ti ń ké pí-pí-pí. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì kì í dárúkọ bẹntiróòlù mọ́, àfi tó bá fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru.

Ibi tó ti ń ṣọ́ mítà yìí ló ti rí àṣírí kan tó fi ń yangàn fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. "Jíjí ló ń jẹ iná," á ní, "kì í ṣe iṣẹ́." Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì fi ń gbóná kó tó gba ìwé àkọ́kọ́, iná tó ń jẹ níbẹ̀ tó láti fi ṣe ogójì ìwé. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan péré lóòjọ́ ni ẹ̀rọ náà ń jí lọ́wọ́ rẹ̀, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá mú ìwé wá láàárọ̀ á jù ú sínú páálí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á padà wá mú un nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ń kánjú, ọ̀nà Amúwo gbà á, kó máa lọ síbẹ̀.

Láminéètì náà ní òfin tirẹ̀. Bàbá kì í tàn án àfi tí iṣẹ́ bá pé márùn-ún. Bó bá sì wá ku méjì nínú rẹ̀, á pa bọ́tìnnì ooru rẹ̀, kó ku èyí tó ń yí i nìkan, á fi ooru tó ṣẹ́kù nínú ikùn ẹ̀rọ ṣe méjì náà. Ooru àjẹkù ló ń pè é. "Ṣé ẹ ò rí àwọn ìyá wa?" á ní. "Wọ́n á pa iná tán, wọ́n á wá ti iṣu bọ inú eérú gbígbóná. Ta ló ń sanwó eérú?"

Irú bébà kan wà tí Bàbá kì í kì bọ láminéètì: bébà dídán, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe rìsíìtì POS. Kò sí yíǹkì lára rẹ̀, ooru ló fi ń kọ̀wé. Bí ooru mìíràn bá tún bà á, gbogbo ara rẹ̀ á dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ohun tó wà níbẹ̀ á sì lọ ráúráú. Bí wọ́n bá mú irú rẹ̀ wá, Bàbá á kọ́kọ́ fi fọ́tòkọ́pì ya ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀dà yẹn ló máa wá fi ọ̀rá bò. Ó mọ èyí dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé pé ó mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí aago márùn-ún ti kọjá díẹ̀, Ẹ̀bùnlọlá wọlé. Aránṣọ ni, bọ́ìsì kọ́tà ilé kejì lòun àti Dàmọ́lá ọkọ rẹ̀ ń gbé, ọkọ náà ń wa táńkà epo ní Satellite Town. Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó ṣe é. Oyún rẹ̀ wọ oṣù kẹjọ, òkú ọmọ ló bí. Àwọn àgbà ilé ọkọ gbé ọmọ náà kúrò lọ́sibítù, wọ́n lọ sin ín. Wọn ò jẹ́ kó rí i, wọn ò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún un, torí pé òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni gbogbo ẹni tó wá kí i ń wí. Ó ti di oṣù kan ààbọ̀ báyìí, agbè náà kò tíì rẹ́rìn-ín.

Ó fa nǹkan kan tó fi ọ̀rá wé yọ láti àyà rẹ̀. Àwòrán síkáànù ni, èyí tí wọ́n yà nígbà tí oyún náà pé oṣù mẹ́fà. Bébà dídán ni. Òógùn ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ dákun, ẹ bá mi láminéètì ẹ̀. Ara mi ni mo ń gbé e sí, òógùn ti fẹ́ pa á rẹ́."

"Kí ló dé tó ò fi í sílé?"

"Ìyá ọkọ mi ni, sà. Wọ́n ti kó gbogbo ẹrù ọmọ lọ, títí kan fìlà tí mo hun. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ tọ́jú nǹkan kan, kí òmíì lè tètè wá. Tí wọ́n bá rí èyí, jíjó ni wọ́n máa jó o." Ó wolẹ̀. "Mi ò rí ojú ọmọ mi, sà. Ibi tí mo ti rí i ò ju ibí yìí lọ."

Bàbá Adédìran sọ ohun tó yẹ kó sọ fún un. Ó ní irú bébà yìí kì í fẹ́ ooru, àwọn ní láti kọ́kọ́ ya ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì sì ti sùn. Kó fi í sílẹ̀ di aago mẹ́rin ọ̀la.

"Àárọ̀ kùtù la ń lọ sí Ìkirè lọ́la, sà. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ní ká lò níbẹ̀. Ẹ ṣàánú mi. Ẹ tiẹ̀ wò ó, sà." Ó sún mọ́ ọn, ó nàka sí ojú kan nínú àwòrán náà, ó ń sọ nǹkan kan nípa ọwọ́ ọmọ. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹ̀rín kékeré kan sì fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀n, ẹ̀n," ni Bàbá ń wí. Mítà ló ń wò. Yúnìtì tó kù kò pé méjì, káàdì ọmọ iléèwé márùn-ún sì wà nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ fi ọ̀rá bò kí àwọn olóhun tó dé. "Ó dáa. Lọ ra ohun tẹ́ ẹ máa mú lọ, kó o padà wá."

"Ẹ ṣé, sà! Ẹ ṣé gan-an ni." Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó gba ọ̀nà Agboju lọ ra búrẹ́dì tí wọ́n máa mú rìnrìn àjò.

Ẹ wá gbọ́ bí ọgbọ́n ṣe ń pa ọlọ́gbọ́n. Bàbá Adédìran ṣe káàdì mẹ́ta, ó pa bọ́tìnnì ooru, ó fi ooru àjẹkù ṣe méjì yòókù. Ó wá ku iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ó yíjú sí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, ó ka ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí i lára. Ṣé kó wá jí odidi ẹ̀rọ tìtorí bébà kan? Iná ogójì ìwé fún ìwé ẹyọ kan? Kì í ṣe pé ó burú nínú. Bí Ẹ̀bùnlọlá bá ní kó bá òun gbé àpò ìrẹsì dé Kuje Amúwo, á gbé e. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ṣáà kọ̀ ọ́, bí ọkàn ẹlòmíràn ṣe máa ń kọ̀ láti da oúnjẹ nù.

Ó fọwọ́ kan ara láminéètì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ta á lọ́wọ́. Ó ní, bí káàdì karùn-ún ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yìí, ooru tó kù nínú ẹ̀rọ kò lè tó ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ mọ́. Á kàn lẹ ọ̀rá náà pọ̀ ni. Kò dán an wò rí. Nínú gbogbo ìṣirò tó ti ṣe láti ìgbà tó ti ń ṣọ́ wáàtì, ìyẹn nìkan ni kò ṣe. Ó fi àwòrán náà sáàárín ọ̀rá, ó tì í bọnú ẹ̀rọ.

Etí rẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde ti rí bí eérú. Bàbá dì í mú, ó fà á sẹ́yìn, ó ń lu orí ẹ̀rọ, ó ń pè é ní orúkọ tí ọmọ ìjọ kì í pe nǹkan. Ẹ̀rọ náà ò mọ ẹ̀bẹ̀. Ohun tó bá ti gbé mì, ẹ̀gbẹ́ kejì ló máa gbà jáde. Nígbà tó tu ú sílẹ̀ tán, dúdú ni láti òkè délẹ̀. Orí ọmọ kò sí níbẹ̀, ọwọ́ kò sí, orúkọ ìyá tó wà lókè kò sí. Iṣẹ́ ọ̀rá náà dára o, kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀. Bí omi òkun bá gbé e lọ, kò lè bà á jẹ́ mọ́.

Bàbá jókòó. Kò tíì mọ ohun tó máa sọ nígbà tó gbọ́ ohùn Ẹ̀bùnlọlá níta, tó ń kí ìyá oníbọ̀ọ̀lì. Ọwọ́ rẹ̀ ló ronú fún un. Ó ju ohun dúdú náà sínú dúrọ́ọ̀, ó pa gílóòbù, ó pa fáànù.

"Yúnìtì ló tán," ó ní, kí ọmọbìnrin náà tó béèrè ohunkóhun. "Mi ò tíì ṣe é."

Ẹ̀bùnlọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búrẹ́dì lábíyá. Bàbá rí i pé ó ń rò ó bóyá kó gbà á padà.

"Kò burú, sà," ló wá wí. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ títí mo máa fi dé. Ọ̀dọ̀ yín ló ti máa pa mọ́ jù. Gbogbo èèyàn ló sọ pé bébà kì í sọnù lọ́wọ́ yín."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Bàbá Adédìran lọ sí ilé síkáànù kan ní Satellite Town, níbi tí wọ́n ti ya àwòrán náà. Orúkọ ibẹ̀ ló rántí, torí pé òun ni ọ̀rọ̀ tó tóbi jù lórí bébà yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dennis ló wà nídìí ẹ̀rọ. Ara rẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn. Ó wá orúkọ Ẹ̀bùnlọlá títí, ó mi orí.

"Daddy, kò sí nínú ẹ̀ mọ́ o. Iná kan ló já wọlé lóṣù tó kọjá, ó wash gbogbo inú computer. Everything before that time don go."

"Kò sí ibòmíì tẹ́ ẹ kó wọn sí?"

"Where we go keep am? Iná tá a fi ń ṣiṣẹ́ gan-an ò tó." Ó wo ojú àgbàlagbà náà, àánú rẹ̀ sì ṣe é ní tòótọ́. "Daddy, wá gbọ́. Mo lè tẹ òmíì fún yín. Oyún oṣù kan náà, màá kọ orúkọ ẹ̀ àti date sí i lókè. All of them dey look alike. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Bàbá dìde láìdágbére. Ó bínú débi pé ó fẹsẹ̀ rìn jìnnà kó tó rántí pé ó yẹ kóun wọ kẹ̀kẹ́.

Nílé, kò lè jẹun. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bíọ́dún, gbé atẹ ẹ̀wà lẹ́sẹ̀, ó ń ṣà á. Ó bi í léèrè ohun tó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, nígbà kẹta Bàbá sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Bàbá wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè nínú ilé náà láti ogójì ọdún.

"Ìyá Bíọ́dún, ṣé o ṣì rántí ojú Ìyìn?"

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí atẹ. Ìyìn ni àkọ́bí wọn, ọmọbìnrin. Oṣù méje ló lò láyé. Nígbà tó kú, àwọn àgbà gbé e lọ, àbúrò bàbá tó bí Bàbá Adédìran sì pàṣẹ pé kí wọ́n jó fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nílé, kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́kàn kúrò. Bàbá Adédìran ló ṣáná sí i fúnra rẹ̀, lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó rẹ̀ wà lójú fèrèsé, kò ké.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi rántí ẹ̀," ni Ìyá Bíọ́dún wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, tí mo bá fẹ́ rí ojú ẹ̀, ojú Bíọ́dún ló ń wá bá mi. Láti ìgbà yẹn, ojú ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi ń sunkún ọmọ mi."

"Bíọ́dún kì í ṣe ọmọ ọlọ́mọ."

"Kì í ṣe Ìyìn." Ó ṣa òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà, ó sọ ọ́ nù. "Ẹ sọ òótọ́ fún ọmọ yẹn, Bàbá Bíọ́dún. Ẹ jẹ́ kó bínú sí yín. Èmi ò rí àyè bínú sí yín rí."

Ọ̀rọ̀ méjì ni ìyàwó rẹ̀ sọ, èyí tó dun Bàbá jù nìkan ló wọ̀ ọ́ létí. Ó gbọ́ pé ìyá lè gbàgbé ojú ọmọ, ẹ̀rù sì bà á pé òun tún máa fi ìyẹn ṣe obìnrin kejì. Ìkejì, pé kó sọ òótọ́, ó fi í sílẹ̀ lórí atẹ ẹ̀wà. Nígbà tó di ọjọ́bọ̀, ó padà lọ bá Dennis.

"Báwo ni tiẹ̀ ṣe rí, Daddy?" ni Dennis béèrè, bó ṣe ń ṣí àwòrán lọ́kan-ò-jọ̀kan. "Ẹ̀gbẹ́ ló kọ sí ni, àbí ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀?"

Bàbá Adédìran ronú títí. Ohun tó rí dáadáa lọ́jọ́ náà ni mítà. "Orí ẹ̀ wà níbẹ̀," ó ní. "Ìyá ẹ̀ sọ nǹkan kan nípa ọwọ́."

"Gbogbo wọn ló lọ́wọ́, Daddy."

Wọ́n mú ọ̀kan. Ọmọ náà kọ ẹ̀gbẹ́ sí wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá ikùn. Níbì kan láyé yìí, ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀, kò mọ̀ pé wọ́n ti yá ọmọ òun lò. Dennis tẹ orúkọ Ẹ̀bùnlọlá sí i lókè, ó tẹ ọjọ́ inú oṣù tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn sí i, bébà dídán náà sì yọ jáde, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, láago mẹ́wàá, Bàbá jí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì nítorí ìwé ẹyọ kan. Ìyá oníbọ̀ọ̀lì tó ń kọjá rí iná ẹ̀rọ tó tàn lásìkò tí kì í tàn, ó yọjú wọlé, ó bi í bóyá ara rẹ̀ le. Bàbá ní ó le. Ó ya ẹ̀dà náà, ó fi ọ̀rá bò ó, ó jẹ́ kí láminéètì gbóná dáadáa kó tó ṣe é. Kò pa bọ́tìnnì kankan. Gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ló ṣe, fún ọmọ tí kò mọ̀ rí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Mo ti dàgbà, n ò rò pé gbogbo òótọ́ ló mọ ọ̀nà.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé, Ẹ̀bùnlọlá dé. Kò tíì délé tó fi yà sí ṣọ́ọ̀bù, báàgì ìrìn àjò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aago mẹ́rin ti fẹ́ẹ̀ lù, Bàbá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì fún iṣẹ́ ọjọ́ náà.

"Ẹ kú ilé, sà. Ṣé ẹ ti bá mi ṣe é?"

Bàbá Adédìran fún un ní méjèèjì, bébà dídán àti ẹ̀dà tó wà nínú ọ̀rá. Ẹ̀bùnlọlá sọ báàgì sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sára aṣọ kó tó gbà á. Ó gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ojú rẹ̀ sì tàn. Ó ń wò ó. Díẹ̀díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yẹn kúrò lójú rẹ̀.

"Sà... ọwọ́ ẹ̀."

"Ọwọ́ ta ni?"

"Ẹnu ẹ̀ lọwọ́ ẹ̀ wà. Ó ń fa àtàǹpàkò. Mo fi hàn yín lọ́jọ́ yẹn." Ó yí bébà náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún yí i padà bí ẹni tó rò pé ọmọ náà lè ti yí ara rẹ̀ padà nínú ibẹ̀. "Gbogbo ìgbà ni mo máa ń wò ó, sà."

Bàbá Adédìran la ẹnu. Ohun dúdú yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gan-an. Kò ju kó fà á síta lọ. Ó mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ, ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un. Ọmọbìnrin náà á ké, á bú u, gbogbo àdúgbò á gbọ́ pé bébà ti sọnù lọ́wọ́ Bàbá Adédìran.

"Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀," ni ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀bùnlọlá ka orúkọ náà. Ó ka ọjọ́ inú oṣù. "Òótọ́ ni, sà," ó ní. "Orúkọ mi ni." Ó tún wo ọwọ́ ọmọ náà. "Wọ́n ní ìbànújẹ́ máa ń da èèyàn lórí rú. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni mi ò fi rí i." Ó fi ọ̀rá náà lé àyà. "Bóyá èmi ni mo ti gbàgbé."

Bàbá yíjú sí mítà.

"Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run á bá yín tọ́jú tiyín náà." Ó kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì, ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó gbé àtàǹpàkò ara rẹ̀ sún mọ́ ẹnu, ó wò ó, bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí. Lẹ́yìn náà ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, ó lọ sílé.

Àwọn oníwé dé láago mẹ́rin, wọ́n bá Bàbá Adédìran lórí ìjókòó. Páálí ẹnu ọ̀nà kún, ẹ̀rọ ti gbóná tán, iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ sì ń tàn pé òun ti ṣetán. Wọ́n kí i. Mítà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń ké lọ. Bàbá kò dìde, kò sì pa ohunkóhun.